Èdè Aládùúgbò Gẹ́gẹ́ bí Ẹ̀kọ́ Àlàáfíà: Lámèyítọ́ Lórí Gbólóhùn Kan Nínú Ìlànà Ètò Ẹ̀kọ́ 1977

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Bí ọ̀rọ̀ bá lágbára tó bẹ́ẹ̀, kò yani lẹ́nu pé nígbà tí ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà gbé Ìlànà Ètò Ẹ̀kọ́ jáde ní 1977, ọdún méje lẹ́yìn tí ogun abẹ́lé parí, èdè wà lára ohun tí wọ́n fẹ́ fi so orílẹ̀-èdè pọ̀. Ìwé náà sọ pé, nítorí ìṣọ̀kan, ó yẹ kí a gba ọmọ kọ̀ọ̀kan níyànjú láti kọ́ ọ̀kan nínú èdè Haúsá, Ìgbò àti Yorùbá, yàtọ̀ sí èdè abínibí rẹ̀. Nígbà tí ètò 6-3-3-4 bẹ̀rẹ̀ ní 1982, ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ ní sẹ́kọ́ńdírì ni ẹ̀kọ́ yìí bọ́ sí. Ẹ̀kọ́ àlàáfíà ni gbólóhùn yìí jẹ́, bí kò tilẹ̀ jẹ́ orúkọ bẹ́ẹ̀. Ṣé ó ṣe iṣẹ́ tí wọ́n rán an?

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ohun tí gbólóhùn náà ń wá, kí ó wo Ose Okwodu, ọjà oúnjẹ tí ó wà nítòsí Odò Ọya ní Onitsha, ìpínlẹ̀ Anambra. Ìrẹsì, iṣu, ẹ̀wà, ata, àlùbọ́sà àti ẹja ni ọjà ibẹ̀. Odò yìí ti ń kó àwọn Ìgbò, Ígálà àti àwọn ẹ̀yà mìíràn pàdé ní Onitsha láti ayé àtijọ́. Nínú irú ọjà bẹ́ẹ̀, kò sí ẹni tí ń gba oníṣòwò níyànjú kí ó gbọ́ èdè oníbàárà. Ẹni tí kò bá lè kí ènìyàn, tí kò lè ka owó, tí kò sì mọ bí a ti ń ná ọjà lédè ẹlòmíràn, yóò pàdánù. Àìní ni olùkọ́ ọjà. Ìlànà 1977 kò fi irú àìní bẹ́ẹ̀ sí ilé-ẹ̀kọ́. Ìyànjú nìkan ni ó fi síbẹ̀.

Ọmọ Yorùbá kan ti fi àpẹẹrẹ lélẹ̀ ní Onitsha kan náà. Ní 1821 ni ogun kó Àjàyí Crowther ní Òṣogùn, tí wọ́n sì tà á lẹ́rú. Ní oṣù Keje 1857, òun àti John Christopher Taylor, tí àwọn òbí Ìgbò bí ní Sierra Leone, dé Onitsha láti dá ìjọ àti ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀. Ní ọdún yẹn gan-an ni ìwé alífábẹ́ẹ̀tì Ìgbò tí Crowther ṣe jáde. Ní 1882, ó tún gbé àkójọ ọ̀rọ̀ Ìgbò jáde. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ṣàìlábùkù: ẹ̀sìn ni ó gbé e débẹ̀, kì í sì í ṣe láti bọ̀wọ̀ fún ẹ̀sìn onílé. Síbẹ̀, ẹni tí ogun sọ di ẹrú gbà láti di ọmọ ilé-ìwé níwájú àwọn tí ó fẹ́ kọ́.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé èdè nìkan tó. Àwọn Ìbàdàn àti Èkìtì Parapọ̀ gbọ́ èdè ara wọn. Síbẹ̀ wọ́n ja ogun Kírìjì láti 1877 títí di 1893. Àwọn tí wọ́n jọ ń ná ọjà ní Onitsha wà níbẹ̀ nígbà tí ogun dé: ní 1967 ni wọ́n fọ́ afárá Odò Ọya, ọjà ńlá ìlú náà sì jóná nínú ogun yẹn. Èdè ọjà mọ iye owó; kò pọn dandan kí ó mọ ọgbẹ́ ẹni tí ń tajà.

Ẹ̀kọ́ Japan wúlò níhìn-ín. Ní 1955, Sadako Sasaki, ọmọ ọdún méjìlá, kú nípa àìsàn tí bọ́ǹbù átọ́míìkì Hiroshima fà. Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìgbòkègbodò ìkówójọ. Wọ́n ṣí ère ìrántí àwọn ọmọdé ní 1958. Títí di òní ni àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdírì kékeré ilẹ̀ náà ń rin ìrìn-àjò lọ síbẹ̀. Àṣeyọrí gidi ni èyí. Àbùkù rẹ̀ ni pé ìyà tí ọmọ Japan jẹ rọrùn láti kọ́ ju ìyà tí ọmọ ogun Japan fi jẹ àwọn ará China àti Korea lọ. Saburo Ienaga, onímọ̀ ìtàn, fi ọ̀rọ̀ irú èyí pe ìjọba lẹ́jọ́ lórí ìwé ìtàn rẹ̀. Láti 1965 títí di 1997 ni ẹjọ́ náà fi wáyé. Ẹni tí ó bá kọ́ ọgbẹ́ tirẹ̀ nìkan kò tíì di ọmọ ayé.

Pẹ̀lú ìwọ̀n yìí, àléébù gbólóhùn 1977 hàn gbangba. Èkíní, "ìyànjú" kì í ṣe àṣẹ. Kò sì sí ohun tí gbólóhùn náà sọ nípa ilé-ẹ̀kọ́ tí kò bá ṣe é. Èkejì, ó dárúkọ èdè mẹ́ta, kò dárúkọ olùkọ́. Ìjọba dá ilé-ẹ̀kọ́ àwọn èdè Nàìjíríà sílẹ̀ ní Aba ní àwọn ọdún 1990. Ṣùgbọ́n ilé-ẹ̀kọ́ kan kò lè fún gbogbo Nàìjíríà ní olùkọ́. Ẹ̀kẹta ni ó burú jù: ó ka èdè sí irinṣẹ́ ìṣọ̀kan, kò ka onítọ̀hún tí ó ni èdè sí. Ọmọ Yorùbá lè mọ "Nnọọ" àti "Daalụ", kí ó má sì mọ ohun tí ojú Onitsha rí ní 1968.

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti kan ẹ̀ka Yorùbá ní kọ́lẹ́jì olùkọ́ni. Ọ̀nà tí a ń gbà kọ́ ọmọ Ìbàdàn ní Yorùbá kọ́ ni a ó gbà kọ́ ọmọ Onitsha: oríkì àti àlọ́ kì í ṣe ibi ìbẹ̀rẹ̀ fún ẹni tí kò tíì lè kí ìyá oníṣu. Olùkọ́ tí yóò kọ́ ọmọ Ìgbò ní Yorùbá sì gbọ́dọ̀ ti kọ́kọ́ jókòó gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́ Ìgbò, kí ó mọ bí ahọ́n ti ń kọsẹ̀, kí ó sì gbọ́ ìtàn ogun lẹ́nu ẹni tí ogun náà jà nílé rẹ̀. Bí kọ́lẹ́jì bá mú èyí ní dandan fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, yóò ti ṣe ohun tí gbólóhùn 1977 kò lè ṣe. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹni tí kò mọ ará òdìkejì Odò Ọya, báwo ni yóò ṣe di ọmọ ayé?