Igi tí kò ní ilẹ̀kùn: èdè tí a fi ń sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ Francis Kéré

Nígbà tí a bá ń ṣàpèjúwe ní Faransé Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin tuntun tí Diébédo Francis Kéré yàwòrán rẹ̀ fún Àjàṣẹ́, gbólóhùn kan kì í wọ́n: arbre à palabres. Òun ni mo fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín, nítorí ó ń bo iṣẹ́ ọkùnrin náà mọ́lẹ̀ ju bí ó ti ń fi í hàn lọ.

Ìtàn rẹ̀ kò gba àyè púpọ̀. Wọ́n bí i ní Gando, ní Burkina Faso, ní 1965; ọmọ olórí abúlé ni. Kò sí ilé ìwé níbẹ̀, nítorí náà ọmọ ọdún méje ni ó wà tí wọ́n fi rán an kúrò nílé. Ẹ̀kọ́ṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà ni ó gbé e dé Jámánì ní 1985, kí ó tó wọ yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Berlin. Ó gba ẹ̀bùn Aga Khan ní 2004 àti Pritzker ní 2022; òun ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ó gba èyí kejì.

Ilé ìwé Gando, tí ó parí ní 2001 nígbà tí ó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, ni mo fẹ́ràn jù. Amọ̀ abúlé ni wọ́n pò mọ́ sìmẹ́ńtì díẹ̀ fi ṣe bíríkì. Ó gbé òrùlé páànù sókè kúrò lórí àjà, ooru sì ń gba àárín wọn jáde. Àwọn ará abúlé fúnra wọn ni wọ́n ṣe iṣẹ́ náà. Èdè wa ní ọ̀rọ̀ fún irú èyí. À ń kọ́ ilé, ṣùgbọ́n à tún ń mọ ilé, bí a ti ń mọ ìkòkò, tí a ń mọ odi ìlú. Mọ kì í jẹ́ kí a gbàgbé ọwọ́ àti amọ̀. Construire kò bìkítà ohun tí a fi ṣe é. Ayàwòrán-ilé, tí a fi ń túmọ̀ architecte, pépà nìkan ni ó rántí. Fún Kéré ti Gando, mọlémọlé ni mo fara mọ́.

Palabre ńkọ́? Láti inú ọ̀rọ̀ Sípéènì tí ó túmọ̀ sí «ọ̀rọ̀» lásán ni ó ti wá, ṣùgbọ́n lẹ́nu Faransé òde òní, àròyé tí kò lópin ni. Ta ni yóò pe ibi tí àwọn àgbà ti ń gbìmọ̀ ní igi àròyé? Ìgbìmọ̀, àpérò, ẹjọ́: ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àkókò àti àwọn ènìyàn tirẹ̀. Faransé da gbogbo wọn sínú apẹ̀rẹ̀ kan, àwa tí a fi Faransé kàwé sì ń ru apẹ̀rẹ̀ náà kiri.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ èdè nìkan. Nínú àwòrán Àjàṣẹ́, gbọ̀ngàn ìgbìmọ̀ wà nísàlẹ̀. Àwọn ọ́fíìsì yọ síta lókè bí ẹ̀ka. Àárín ìtì igi náà ṣófo kí ìmọ́lẹ̀ àti afẹ́fẹ́ lè wọlé. Ó dára, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n lábẹ́ igi gidi, ẹni tí ń kọjá lọ lè dúró gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ, kò ní í tọrọ àyè. Níhìn-ín, inú ìtì igi ni àwọn aṣòfin jókòó sí. Ibòji jẹ́ ti ọgbà ìta tí a fi sílẹ̀ fún aráàlú, níbi tí a kì í ti ṣòfin. Àgọ́ Serpentine tí ó ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù ní 2017 sún mọ́ igi jù bẹ́ẹ̀ lọ: òrùlé gbòòrò, ojú ọ̀nà mẹ́rin, àárín gbangba.

Fún ìtumọ̀ Yorùbá, mo dábàá abẹ́ igi ìgbìmọ̀. Abẹ́ ni mo ń tẹnu mọ́: ẹni tí ó bá lò ó gbọ́dọ̀ sọ fún wa ta ni ó wà lábẹ́ igi náà, àti ta ni ó dúró sẹ́yìn ògiri.