Ẹni Tó Ń Yẹ Òṣùwọ̀n Wò
L'Òṣòdì, l'Ékòó, ẹ̀rọ Dobson ni wọ́n fi wọn òsóònù tó ń gbà wá lọ́wọ́ oró oòrùn. Ìtànṣán méjì ló ń fi wéra: èyí tí òsóònù ń gbé mì, àti èyí tí kò fi bẹ́ẹ̀ kàn. Ẹni tó ń yẹ ẹ̀rọ náà wò ni mo gbóṣùbà fún. Á tan iná mẹ́kúrì síwájú rẹ̀, á rọra máa yí ọ̀pá kékeré kan títí ìmọ́lẹ̀ yóò fi bọ́ sójú ibi tó yẹ. Ẹ̀rọ Nọ́ńbà 83, àgbà gbogbo ẹ̀rọ Dobson, orí òkè Mauna Loa ní Hawaii ni wọ́n ti ń yẹ òun wò, níbi tí afẹ́fẹ́ ti mọ́. Òkè Màpó n'Íbàdàn kọ́ o. Eruku ọyẹ́ àti èéfín Bẹẹrẹ kò ní gbà! Àwọn yòókù, wọ́n á gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ àgbà nínú oòrùn kan náà, wọ́n á sì tún ìṣirò èyí tó bá ṣì kà ṣe.