Ènìyàn Inú Àkámọ́

Ní ìparí oṣù kìíní ọdún 2023, Netflix ti Japan gbé kátúùnù ìṣẹ́jú 3 kan sórí YouTube. The Dog & The Boy ni wọ́n pè é. Ryotaro Makihara ló darí ẹ̀. WIT STUDIO, àwọn tó ṣe apá àkọ́kọ́ Attack on Titan, wà lára àwọn tó ṣe é. Ọmọdékùnrin kan àti ajá rọ́bọ́ọ̀tì ẹ̀ ni ìtàn náà dá lé: ogun yà wọ́n, wọ́n sì tún padà rí ara wọn. Ìtàn náà wọni lára. A ò bá a jà.

Ìparí ẹ̀ ni ìjà wà, níbi tí orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ ti máa ń kọjá, tí ọ̀pọ̀ wa á ti tẹ fídíò mìíràn. Ẹ má tíì lọ. Níbi tó yẹ kí orúkọ ẹni tó ya àwòrán ẹ̀yìn wà, AI ni wọ́n kọ síbẹ̀. Wọ́n wá fi àmì àròpọ̀ kan sí i, wọ́n sì ti ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo mọ́ inú àkámọ́: ènìyàn. Ènìyàn wo? Ọmọ ta ni? Kò sórúkọ.

Kí là ń pè ní àwòrán ẹ̀yìn? Igi, òkè, ojú ọ̀run, ògiri ilé: gbogbo ohun tó dúró sójú kan tí ẹni tó ń rìn ń gbà kọjá. Fíìmù náà fúnra ẹ̀ fi hàn wá bí wọ́n ṣe ṣe tiẹ̀. Ènìyàn ló kọ́kọ́ fọwọ́ fa ilà bí ibẹ̀ ṣe máa rí. Wọ́n gbé e fún AI, AI kùn ún. Ènìyàn tún gbà á padà, ó tún un ṣe kó tó di ohun tá a wò. Ìyẹn ni pé ènìyàn ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, ènìyàn ló parí ẹ̀, ẹ̀rọ tó wà láàárín ló wá gba oyè. Ṣé ẹ rí nǹkan?

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Orúkọ kì í ṣe ohun tí à ń fi sílẹ̀ lásán, àwọn ará Japan gan-an sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn tó fẹ́ràn My Neighbor Totoro ti ọdún 1988 mọ orúkọ Kazuo Oga, ẹni tó darí iṣẹ́ àwòrán ẹ̀yìn fíìmù yẹn. Ní 2007, wọ́n pàtẹ iṣẹ́ ẹ̀ ní Museum of Contemporary Art ní Tokyo fún aráyé wò. Igi àti ìkùukùu ló sọ ọ́ di gbajúmọ̀. Tó bá jẹ́ pé àkámọ́ ni wọ́n ti òun náà mọ́ ńkọ́?

Netflix Japan ní àdánwò ni àwọn ń ṣe, torí pé òṣìṣẹ́ ti wọ́n nídìí iṣẹ́ àníìmè. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe irọ́. Ṣùgbọ́n kí ló lé àwọn òṣìṣẹ́ lọ? Owó tí wọ́n ń san fún àwọn ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́ kéré. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń gba owó lórí àwòrán kọ̀ọ̀kan dípò owó oṣù, iṣẹ́ náà sì ń gba òru mọ́ ọ̀sán. Abájọ tí àwọn ayàwòrán fi fara ya lórí Twitter nígbà tí fíìmù náà jáde. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Tí owó bá lé èèyàn lọ, owó ló ń pè é padà.

A ò sọ pé ẹ̀rọ ò gbọdọ̀ wọ inú kátúùnù o. Ó ti pẹ́ tó ti wọ̀ ọ́. Ní 1961, Disney fi ẹ̀rọ Xerox ṣe One Hundred and One Dalmatians. Ajá tó pọ̀ tó yẹn, tí ara wọn kún fún tó-tò-tó, ta ló fẹ́ fọwọ́ tún gbogbo ẹ̀ fà? Ẹ̀rọ yẹn gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn obìnrin tó ń fi yíǹkì fa ilà, a ò ní fi ìyẹn pamọ́. Ṣùgbọ́n ilà tó gbé sórí ike, ilà ọwọ́ ayàwòrán náà gan-an ni. AI tó ń ya àwòrán ò rí bẹ́ẹ̀. Àwòrán àìmọye èèyàn ló ti jẹ, tó pò pọ̀. Ohun tó bá bì jáde, èèyàn ò lè tọ́ka sí ọwọ́ tó ti wá.

Ojú wa sì rí i nínú fíìmù náà. Àwòrán ẹ̀yìn ẹ̀ mọ́, ó ń dán, kò síbi tó burú. Àbùkù ẹ̀ ni pé ó lè jẹ́ ibikíbi. Ìtàn ìpínyà àti ìpadàbọ̀ nílò ibì kan tí ojú á dá mọ̀ tá a bá padà débẹ̀. Ibi tó rẹwà la rí. Ibi tó jẹ́ ti ọmọ yẹn àti ajá ẹ̀ nìkan, a ò rí i.

Ẹ fi wé The Bear and the Hare, ìpolówó Kérésìmesì tí John Lewis ṣe ní Britain ní 2013. Ìpolówó ọjà pọ́ńbélé ni. Ehoro kan fún béárì tó máa ń sun gbogbo ìgbà òtútù ní aago tó máa jí i, kóun náà lè rí Kérésìmesì. Aaron Blaise, tó ti ṣiṣẹ́ ní Disney fún ọ̀pọ̀ ọdún, wà lára àwọn tó fọwọ́ ya àwọn ẹranko náà. Wọ́n tẹ àwòrán wọn jáde, wọ́n gé e, wọ́n tò ó sínú igbó kékeré tí wọ́n fọwọ́ kọ́, wọ́n sì ń ya fọ́tò ẹ̀ níkọ̀ọ̀kan. Ọjà ni wọ́n ń tà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ń wò ó mọ̀ pé ẹnì kan jókòó ti iṣẹ́ yẹn nítorí òun. Ohun tí iléeṣẹ́ ń wá gan-an nìyẹn tó bá ní òun fẹ́ kátúùnù aláfọwọ́yà. Tó bá wá gbé e fún AI, tó sì fi orúkọ ẹni tó fọwọ́ kàn án pamọ́, èèpo ọsàn ló rà, kò ra ọsàn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ya kátúùnù fún oníbàárà, ẹ lo ẹ̀rọ tó bá wù yín. Àmọ́ kẹ́ ẹ tó gbowó, ẹ béèrè ibi tí orúkọ yín máa wà, kẹ́ ẹ sì rí i pé ó wọ inú ìwé àdéhùn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kàn ń wò, ẹ ní sùúrù títí orúkọ á fi kọjá tán. Tẹ́ ẹ bá rí àkámọ́ níbẹ̀, ẹ bi wọ́n léèrè ẹni tó wà nínú ẹ̀.