Wákàtí 16 Tí Wọ́n Fi Ń Dán Epo Dísù Wò

Epo dísù tó pẹ́ nínú táńkì máa ń ṣókùnkùn, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ á silẹ̀ sí ìsàlẹ̀, á sì máa dí fílítà ẹ́ńjìnnì. Àwọn èròjà tó ní náítírójìn wà lára ohun tó ń fà á, ṣùgbọ́n ìwà wọn kò dọ́gba. Ìdílé pyrrole àti indole ló le jù. Ti pyridine sábà máa ń rọjú díẹ̀. Bí indole bá pàdé èròjà kan tí wọ́n ń pè ní phenalenone níbi tí ásíìdì wà, wọ́n á so pọ̀ di ohun dúdú tí kò lè yòrò nínú epo mọ́. Dísù tí wọ́n rí láti ara epo wúwo tí wọ́n fọ́ sí wẹ́wẹ́ ni èyí ń bá jà jù.

Ọgbọ́n tí wọ́n fi ń mọ epo tó máa bàjẹ́ ṣáájú yẹ fún oríyìn. Nínú ìdánwò ASTM D2274, wọ́n á sẹ́ epo mílílítà 350, wọ́n á gbé e sínú ooru 95°C fún wákàtí 16, wọ́n á sì máa fẹ́ ọ́síjìn lítà 3 sínú rẹ̀ ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Tó bá tutù, wọ́n á tún un sẹ́ láti yọ gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ inú rẹ̀, wọ́n á fọ èyí tó lẹ̀ mọ́ gíláàsì, wọ́n á sì wọn méjèèjì. Mílígíráàmù ni ìwọ̀n náà, eruku díẹ̀ sì tó láti ba èsì jẹ́. Iṣẹ́ onísùúrù ni, iṣẹ́ ọlọ́wọ́ mímọ́ sì ni.

Láti dín ìṣòro yìí kù, ilé ìfọpo ń lo háídírójìn láti mú náítírójìn kúrò nínú epo, náítírójìn náà á sì jáde bí amóníà.