Ta Ni A Gbé Ibi Lé Lórí? Àgbéyẹ̀wò Eré Hubert Ògúndé

Àwọn àgbà a máa wí pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá ni àgbà òṣìkà. Òwe yìí ni ó wá sí mi lọ́kàn ní ọjọ́ kan ní Igbó Ẹfọ̀n, ní agbègbè Etí-Ọ̀sà ní Ìpínlẹ̀ Èkó, níbi tí àwa olùkọ́ mélòó kan gbé ń jíròrò lórí eré orí ìtàgé Yorùbá. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga dìde, ó ní kí a má fi àkókò ṣòfò lórí eré Hubert Ògúndé, nítorí pé ariwo àti ẹkún ni ó kún inú wọn. Pé ẹni rere inú wọn dára ju bí ènìyàn ti í dára lọ, ẹni búburú inú wọn sì burú ju bí ènìyàn ti í burú lọ. Màmá àgbà kan tí ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ẹni tí ó wo Yorùbá Ronú nígbà tí ó ṣì wà ní ilé-ìwé, dá a lóhùn pé: “Ọmọ mi, ìwọ kò mọ ẹni tí a tìtorí rẹ̀ ń sunkún ni.” A kò rí ẹjọ́ náà dá ní ọjọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé, ọ̀rọ̀ màmá yìí kò kúrò ní etí mi, òun ni mo sì fẹ́ fi ṣe ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ tí mo ní í sọ.

Irú eré tí ọ̀dọ́mọkùnrin náà ń bú ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní melodrama. Eré arọkànsókè ni n ó máa pè é níhìn-ín. Àmì mẹ́ta ni a fi ń dá a mọ̀. Èkíní, a ya ẹni rere sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni búburú kedere, tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọdé pàápàá kò fi ní í ṣì wọ́n mú. Èkejì, orin àti ìlù ni ó ń darí ọkàn àwọn òǹwòran, tí ó ń sọ fún wọn ìgbà tí ó yẹ kí wọ́n bẹ̀rù àti ìgbà tí ó yẹ kí wọ́n yọ̀. Ẹ̀kẹta, bí ó ti wù kí ìyà pọ̀ tó láàárín eré, àṣírí ìkà yóò tú, ẹ̀san yóò sì ké lórí rẹ̀ kí a tó lọ sílé.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí a rò pé ilẹ̀ Yorùbá nìkan ni irú eré bẹ́ẹ̀ ti gbilẹ̀. Ní nǹkan bí ọgọ́ta ọdún ṣáájú kí Ògúndé tó bọ́ sórí ìtàgé, àwọn òṣèré kan wà ní Ọsirélíà, nígbà tí ilẹ̀ náà ṣì wà lábẹ́ àkóso Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n ń fúnra wọn kọ eré tí wọ́n ń ṣe. George Darrell gbé The Sunny South jáde ní 1883, òun fúnra rẹ̀ ni ó sì ṣe olú òṣèré inú rẹ̀. Alfred Dampier àti Garnet Walch sọ ìwé ìtàn Rolf Boldrewood, Robbery Under Arms, di eré ní 1890. Dampier ni ó sì ṣe Captain Starlight, olórí àwọn adigunjalè inú igbó. Ara tiwọn, ohùn tiwọn àti agbára ẹgbẹ́ tiwọn ni àwọn ènìyàn wọ̀nyí fi ń wọn eré wọn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni Ògúndé náà rí. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi ìwé nìkan dá ẹjọ́ irú eré bẹ́ẹ̀, ó dà bí ẹni tí ó fẹ́ fi ojú wo ìlù dípò kí ó fi etí gbọ́ ọ.

Ọmọ Ọ̀sọ̀sà lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde ni Ògúndé. Ní 1916 ni a bí i. Ó ṣe iṣẹ́ olùkọ́, ó sì ṣe iṣẹ́ ọlọ́pàá. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 1944, ó ṣe eré The Garden of Eden and the Throne of God ní Gbọ̀ngàn Glover ní Èkó, ní ìbéèrè ìjọ Aládùúrà kan tí ó wà ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta. Ilé ìjọsìn ni ó ti rí ètò orin rẹ̀; ṣùgbọ́n ijó, ìlù àti àwàdà tí ó mú wọ inú rẹ̀ jẹ́ ti àwọn Alárìnjó, tí wọ́n ti inú ẹ̀kú eégún jáde wá dá àwọn ọba àti ìjòyè lára yá láti ayé Ọ̀yọ́ Ilé. Nígbà tí ó di 1945, ó dá ẹgbẹ́ African Music Research Party sílẹ̀. Nínú eré Tiger's Empire ní 1946, a kọ orúkọ obìnrin sí ara ìwé ìkéde gẹ́gẹ́ bí òṣèré tí a ń sanwó fún. Ohun ńlá ni èyí ní àkókò tí àwọn òbí ka obìnrin orí ìtàgé sí aláìníláárí. Ó sì wà lára ìdí tí Ògúndé fi fẹ́ púpọ̀ nínú àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣaya.

Ní oṣù kẹfà ọdún 1945, àwọn òṣìṣẹ́ da iṣẹ́ sílẹ̀ káàkiri Nàìjíríà, nítorí pé ogun àgbáyé ti sọ ọjà di ọ̀wọ́n, owó oṣù wọn kò sì tó jẹun mọ́. Michael Imoudu, olórí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ rélùwéè, wà lára àwọn tí ó ṣáájú wọn. Kí ọdún náà tó parí, Ògúndé ti gbé Strike and Hunger jáde. Nínú eré náà, kò sí gómìnà, kò sí ọ̀gá rélùwéè. Ọba àjèjì kan ni ó gba ìlú onílùú, tí ó sì fi ebi pa àwọn ènìyàn títí wọ́n fi kọ iṣẹ́ sílẹ̀. Kò sí òǹwòran tí kò mọ ọba tí à ń wí. Ìjọba pàápàá mọ̀ ọ́n, nítorí pé nígbà tí ẹgbẹ́ náà gbé eré yìí dé Jos ní 1946, ọlọ́pàá dá a dúró, a sì bu owó ìtanràn lé Ògúndé lórí. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1949, ọlọ́pàá yìnbọn pa àwọn awakùsà èédú 21 ní Ẹnúgu. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, Ògúndé fi ọ̀rọ̀ wọn ṣe eré Bread and Bullet, èyí náà sì kan ìdíwọ́ ní Kano.

Níbi tí ọ̀rọ̀ dé yìí, ẹ jẹ́ kí a padà sọ́dọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin wa. Ó lè pa á lówe fún wa pé àṣejù, baba àṣetẹ́. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ta ni ó kọ́kọ́ ṣe àṣejù? Ẹni tí ó fi ọta ìbọn dá ẹni tí ń tọrọ oúnjẹ lóhùn ni, àbí ẹni tí ó sunkún rẹ̀ lórí ìtàgé? Ìwé ìròyìn lè wọn ọ̀rọ̀ sọ, agbẹjọ́rò lè sọ ti ọ̀tún kí ó sọ ti òsì. Ẹni tí a gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀ ń fẹ́ kí ẹnìkan dìde ní gbangba kí ó sọ pé ìkà ni èyí. Iṣẹ́ tí eré arọkànsókè ṣe fún àwọn baba wa ní ìgbà yẹn nìyẹn.

Àwọn ọ̀mọ̀wé kan a máa fi Ọba Kò So ti Dúró Ládiípọ̀ wé iṣẹ́ Ògúndé, wọn a sì fi ti Ògúndé sí ẹ̀yìn. Nígbà tí Ọba Kò So jáde ní Òṣogbo ní 1963, ohun mìíràn ni ó gbé wá fún wa. Ṣàngó inú rẹ̀ jẹ́ akọni, ó sì jẹ́ aṣebi. A ń kẹ́dùn rẹ̀, a sì ń dá a lẹ́bi. Oríkì wà lára ohun tí a fi hun ún, ó sì gbayì dé Berlin ní 1964. N kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ẹwà rẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé bí ìlú bá ń gbóná, ènìyàn kì í fi gbogbo òru ro ẹ̀dùn ọba. Ìgbà kan wà tí ó ń fẹ́ mọ ẹni tí ó ti iná bọ ilé. Eré méjèèjì ni a nílò, olúkúlùkù ní àsìkò tirẹ̀.

Bí èyí bá rí bẹ́ẹ̀, kí ni a ó fi wọn eré arọkànsókè, tí a ó fi mọ èyí tí ó dára yàtọ̀ sí èyí tí kò dára? Èmi kò rò pé bí ẹkún ti pọ̀ tó ni. Irú eré yìí kò lè ṣe kí ó máà ní ọ̀daràn. Ibi inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbé ara ẹnìkan wọ̀. Nítorí náà, ìbéèrè tí ó tọ́ ni pé: ta ni òṣèré gbé ibi náà lé lórí? Ẹni tí ó lágbára tí ó lè fi ìyà jẹ òṣèré fún un ni, àbí ẹni tí kò lè gbèjà ara rẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí a fi èyí wo Yorùbá Ronú. Ní 1964, nígbà tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ wà ní ẹ̀wọ̀n, tí Olóyè S. L. Akíntọ́lá sì jẹ́ olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, Ògúndé ṣe eré ọba kan tí igbákejì rẹ̀ dalẹ̀ rẹ̀. Ìjọba kò béèrè ìtumọ̀. Ó fòfin de Ògúndé kí ó má ṣe ṣeré mọ́ ní gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn. Ọ̀títọ́ Korò ni Ògúndé fi dá wọn lóhùn ní ọdún kan náà, òfin náà kò sì kásẹ̀ nílẹ̀ títí ó fi di 1966, lẹ́yìn tí àwọn ológun ti gba ìjọba. A lè sọ pé eré náà gbè sẹ́yìn ẹnìkan jù. Síbẹ̀, igi tí ó ga jù nínú igbó ni ó sọ àáké lù, kì í ṣe ewéko. Ìdí nìyí tí màmá Igbó Ẹfọ̀n fi rántí ẹkún náà títí di òní.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a fi ìwọ̀n kan náà wo fíìmù Aiyé, tí Ògúndé ṣe pẹ̀lú Ọlá Balógun ní 1979. Iṣẹ́ ńlá ni. Ògúndé fúnra rẹ̀ ni ó ṣe babaláwo tí ń jẹ́ Ọ̀ṣẹ́túrá. Ó fi ọ̀wọ̀ fún Ifá ní àkókò tí ọ̀pọ̀ ń sá fún un, ogunlọ́gọ̀ ènìyàn sì tú jáde lọ wò ó. Ṣùgbọ́n ta ni ibi gbé ara rẹ̀ wọ̀ nínú fíìmù yìí? Àwọn àjẹ́ ni, àwọn obìnrin ni a sì fi ṣe wọ́n jù. Ọba àjèjì ti lọ, olórí ìjọba ti lọ. Ìyá arúgbó inú àdúgbò ni ó kù. Gómìnà lè fòfin de òṣèré, ṣùgbọ́n kí ni ìyá arúgbó lè ṣe? Bí ọmọ rẹ̀ bá kú tàbí tí òwò aládùúgbò rẹ̀ bá bàjẹ́, òun ni a ó kọ́kọ́ nàka sí. Ọgbọ́n tí Ògúndé fi tako alágbára ní 1945 ni ó fi bo aláìlágbára mọ́lẹ̀ ní 1979. Ògúndé kò ní i lọ́kàn láti pa ẹnikẹ́ni lára. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ fíìmù tí ó tẹ̀ lé Aiyé mú ipa ọ̀nà yìí, àwọn ìyá wa sì ni wọ́n ń jìyà rẹ̀.

Ní Ọsirélíà pẹ̀lú, ìbéèrè yìí já síbi kan náà. Eré àwọn adigunjalè inú igbó bá àwọn olówó àti ọlọ́pàá wí, tó bẹ́ẹ̀ tí ìjọba New South Wales fi fòfin de sinimá irú ìtàn wọ̀nyí ní 1912. Ṣùgbọ́n àwọn onílẹ̀ gan-an, àwọn aláwọ̀ dúdú tí ó ni ilẹ̀ náà kí òyìnbó tó dé, ẹ̀gbẹ́ kan ni a fi wọ́n sí nínú àwọn eré náà, òyìnbó tí ó kun ojú dúdú ni ó sì ń ṣe wọ́n lọ́pọ̀ ìgbà. Eré tí ó ń jà fún òtòṣì òyìnbó kò rí òtòṣì tí ó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́, iṣẹ́ kan ṣì wà nílẹ̀ fún wa. Ìwé tí Ebun Clark kọ ní 1979 lórí Ògúndé ti ṣe púpọ̀, ṣùgbọ́n orin ni Ògúndé sábà máa ń kọ sílẹ̀; ẹnu àwọn òṣèré ni wọ́n ti ń rí ọ̀rọ̀ ìyókù sọ lórí ìtàgé. Ògúndé kú ní 1990, àwọn tí ó wo eré rẹ̀ ní èwe sì ti di arúgbó. Irú màmá tí mo bá pàdé ní Igbó Ẹfọ̀n wà ní àdúgbò gbogbo wa. Ẹ lọ jókòó tì wọ́n, kí ẹ kọ orin tí wọ́n rántí sílẹ̀, kí ẹ sì bi wọ́n ní ìbéèrè kan fún mi: ta ni ẹ tìtorí rẹ̀ ń sunkún? Ìdáhùn wọn ni ẹlẹ́rìí kejì tí a kò tíì gbọ́ lẹ́nu rẹ̀.