Àjànàkú Tí Ẹnikẹ́ni Kò Rí

Àwọn àgbà ló sọ pé àjànàkú kọjá mo rí nǹkan fìrí. Bí a bá rí erin, kí á gbà pé a rí erin. Òwe yìí kò ṣòro fún ẹni tí erin gba iwájú rẹ̀ kọjá. Ṣùgbọ́n kí ni a ó wí fún ayàwòrán tí a ní kí ó ya ẹranko tí ó ti kú àkúrun kí ènìyàn tó dé ilé ayé, tí kò sì sí ohun tí ó ṣẹ́ kù lára rẹ̀ ju eegun tí ó ti di òkúta lọ? Irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín, nítorí ó ti mú mi ṣi ọmọdé lọ́nà rí.

Ọmọ ọmọ mi kan ni ó mú ohun ìṣeré oníke tọ̀ mí wá. Inú àpò kan náà tí àwọn dáínósọ̀ kéékèèké wà ni wọ́n ti bá a rà á. Ẹranko náà jọ alángbá ńlá, abẹ̀bẹ̀ gbàràgàdà kan sì dúró ṣánṣán lé e lẹ́yìn láti ọrùn dé ìdí. Ó ní, "Bàbá àgbà, dáínósọ̀ wo lèyí?" Mo ka orúkọ tí wọ́n tẹ̀ sí i níkùn fún un: Dimetrodon. Mo sì fi kún un pé dáínósọ̀ tí ń wọ́ ikùn nílẹ̀ bí alángbá ni. Irọ́ méjì ni mo pa nínú gbólóhùn kan.

Dimetrodon kì í ṣe dáínósọ̀. Edward Drinker Cope, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, ni ó sọ ọ́ lórúkọ ní ọdún 1878, láti inú ilẹ̀ pupa Texas. Ó ti lo ayé rẹ̀ tán ní nǹkan bí 40 mílíọ̀nù ọdún kí dáínósọ̀ àkọ́kọ́ tó yọjú. Ihò kan ṣoṣo tí ó wà lẹ́yìn ihò ojú nínú agbárí rẹ̀ ni ó tú àṣírí ìdílé rẹ̀: ẹ̀ka tí gbogbo ẹranko tí ń fún ọmọ lọ́mú ti ṣẹ̀ wá ni òun náà wà. Ewúrẹ́, àdán, àti èmi tí mò ń kọ̀wé yìí, a bá a tan ju bí alángbá ti bá a tan lọ. Ní ti ikùn wíwọ́, ipasẹ̀ tí a gbà pé òun àti àwọn ìbátan rẹ̀ ni wọ́n fi sílẹ̀ nínú òkúta kò fi ojú ibi tí ikùn ti wọ́ ilẹ̀ hàn.

Ta ni ó wá kọ́ ojú wa láti rí i bẹ́ẹ̀? Charles R. Knight wà lára wọn, ayàwòrán ará Amẹ́ríkà tí ojú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ríran láti kékeré, síbẹ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ mọ ara ẹranko bí ọwọ́ alápatà ti mọ̀ ọ́n. Ní 1897, ọdún tí Cope kú, ó ya Dimetrodon. Mo ti wo ẹ̀dà àwòrán yìí lọ́pọ̀ ìgbà, n kò sì lè sọ pé kò dára. Ìwúwo ẹran wà nínú rẹ̀. Ó dà bí ẹni pé ọlọ́nà jókòó sẹ́bàá odò, tí ó ń wò ó. Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Ní ọdún kan náà ni ó ya èkejì rẹ̀, Naosaurus, tí ó ní ẹ̀gún ẹ̀yìn tirẹ̀ ṣùgbọ́n tí orí rẹ̀ jẹ́ orí apẹranjẹ. Mùsíọ̀mù ńlá ti New York gbé egungun rẹ̀ nàró ní 1907 pẹ̀lú orí Dimetrodon lọ́rùn rẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ yóò fi yé ni, ara Edaphosaurus, ajewéko olórí kékeré, ni wọ́n ti so orí ẹlòmíràn mọ́. Àwòrán Knight dára títí ó fi jẹ́ pé kò sí ẹni tí yóò wò ó tí yóò fura.

Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ wa yóò sọ pé ọnà ni ọnà, kí ẹni tí ó bá ń fẹ́ òtítọ́ lọ ka ìwé sáyẹ́ǹsì. Èmi náà ti sọ bẹ́ẹ̀ rí. N kò sọ ọ́ mọ́. Nígbà tí wọ́n bá gbẹ́ àkó fún òkú ní Ọ̀wọ̀, tí wọ́n sì wọ aṣọ olóògbé fún un, àwọn tí wọ́n bá olóògbé jẹun wà níbẹ̀ láti sọ bóyá ó jọ ọ́. Ẹlẹ́rìí wà. Kò sí ẹlẹ́rìí fún Dimetrodon. Àwòrán rẹ̀ kò dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹranko náà kí a lè fi wé e. Àwòrán ni ẹranko náà fún gbogbo wa.

Eegun nìkan kò sì tó. Ẹ gbé agbárí erin fún ẹni tí kò gbọ́ orúkọ erin rí. Ọwọ́ ìjà erin kò ní eegun, etí rẹ̀ kò ní eegun. Ẹranko onímú kúkúrú, aláìlétí, ni yóò yà fún yín, yóò sì búra sí i. Ní 2012, John Conway, C. M. Kosemen àti Darren Naish ṣe ìwé kan, All Yesterdays, nínú èyí tí wọ́n ti ya àwọn ẹranko òde òní bí ẹni tí ó ní eegun nìkan lọ́wọ́ ì bá ti yà wọ́n. Ẹ̀rín pa mí, lẹ́yìn náà ni ojú tì mí.

Àṣà tuntun tí ó dé báyìí ni ti irun. Nítorí pé a ti gbọ́ pé ìbátan wa ni wọ́n, àwọn ayàwòrán kan ń fi irun bo gbogbo wọn, wọ́n sì ń ya àwọn gorgonopsian, ọdẹ eléyín gígùn wọ̀nyẹn, bí ajá tàbí bí ẹkùn. Kí ni ẹ̀rí wí? Ní Rọ́ṣíà, Chudinov ṣàpèjúwe awọ Estemmenosuchus ní 1968: ó ń dán, kò nírun, kò ní ìpẹ́. Ní Karoo, ní Gúúsù Áfíríkà, àwọn onímọ̀ gbé awọ Lystrosaurus jáde ní 2022. Ó le, ó rí gbágungbàgun, kò nírun. Ní 2025, ojú ibi tí ìbátan Dimetrodon kan ti sinmi nínú ẹrẹ̀ ní Jámánì fi ìpẹ́ hàn. Lóòótọ́, a rí ohun tí ó jọ irun nínú ìgbẹ́ àtijọ́ kan ní Rọ́ṣíà, ìgbẹ́ tí ó ti di òkúta, ṣùgbọ́n ta ni ó mọ irun ẹni tí wọ́n jẹ? Irun tí kò ṣeé jiyàn sí ni ti Castorocauda ilẹ̀ Ṣáínà, tí a kéde ní 2006, ìyẹn sì pẹ́ dé lẹ́yìn Dimetrodon ju 100 mílíọ̀nù ọdún lọ. Ní tèmi, àìsàn kan náà ni ó ń ṣe ti àná àti ti òní. Ti àná fà á sọ́dọ̀ alángbá, ti òní ń fà á sọ́dọ̀ ajá, kí ojú wa má bàa rí àjèjì.

Àwòrán tí mo fẹ́ràn jù nínú àwọn tuntun kò lẹ́wà rárá. Ìwádìí kan tí ó jáde ní 2012 fi hàn pé àwọn ẹ̀gún abẹ̀bẹ̀ Dimetrodon mìíràn kán, wọ́n sì jinná ní wíwọ́, tí ó fi jọ pé awọ kò dé ṣóńṣó wọn. Ẹni tí ó ya àwòrán yìí jẹ́ kí ṣóńṣó wọn yọ síta ní ìhòòhò, òmíràn tẹ̀, òmíràn ga ju èkejì lọ, bí ọgbà tí òjò ti bà jẹ́. Abẹ̀bẹ̀ dáradára ti Knight ti lọ. Ṣùgbọ́n mo rí ẹranko kan tí nǹkan ti ṣe rí, tí ó sì yè é.

Mo pe ọmọ náà padà, mo jẹ́wọ́ fún un pé mo ṣì í. Ó yọ Dimetrodon kúrò láàrin àwọn dáínósọ̀, ó gbé e lọ sáàrin màlúù àti ewúrẹ́ oníke rẹ̀. Ó wo eyín rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ó sì rọra sún ewúrẹ́ sẹ́yìn.