Òrùka àti Ìka: Àríwísí lórí Orírun Ọ̀rọ̀ Kan

Láàrin àwa olùkọ́ èdè Yorùbá, àlàyé kan ti di àtẹnudẹ́nu: pé ò- + rù + ìka ni òrùka, ìyẹn ‘ohun tí ìka rù’. Àlàyé náà dùn létí, ó sì rọrùn láti fi kọ́ ọmọ. Ṣùgbọ́n adùn kì í ṣe ẹ̀rí.

Ní ti ìró, kò ní àléébù: ìpajẹ fáwẹ̀lì lè sọ ‘ru ìka’ di ‘rùka’. Inú gírámà ni ìṣòro wà. Bí àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ò- bá ṣíwájú ọ̀rọ̀-ìṣe àti àbọ̀ rẹ̀, olùṣe ni ọ̀rọ̀-orúkọ tí a ṣẹ̀dá ń tọ́ka sí. Ẹni tí ń ṣe iṣẹ́ ni òṣìṣẹ́. Ẹni tí ń ṣe eré ni òṣèré. Nípa òfin yìí, ohun tí ó ru ìka ni òrùka ìbá jẹ́, kì í ṣe ohun tí ìka rù. Ẹrù ti wá di aláàárù.

Ọ̀rọ̀ náà kò mọ sáàrin àwa onímọ̀ èdè nìkan. Ara ekòló pín sí abala róbótó-róbótó tí ó tò tẹ̀lé ara wọn. Ìdí nìyí tí Lamarck, onímọ̀ ẹ̀dá ọmọ ilẹ̀ Faransé, fi pe ẹ̀yà rẹ̀ ní Annélides ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 19, láti ara ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí òrùka. Níbi ìpàdé kan tí a ti ń wá èdè-ìperí fún sáyẹ́ǹsì, mo dábàá ‘ẹ̀dá olóòrùka’. Wọ́n kọ̀ ọ́, wọ́n ní ekòló kò ní ìka.

Irú àṣìṣe yìí kò yọ Látìn sílẹ̀. Anulus ni òrùka níbẹ̀. Ìbátan èké tí a fún un pẹ̀lú annus, ‘ọdún’, ni ó sọ ọ́ di annulus. Ṣùgbọ́n ìtumọ̀ rẹ̀ kò torí bẹ́ẹ̀ di ọdún.

Àwọn tí wọ́n túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá ní ọ̀rúndún 19 lo òrùka fún òrùka wúrà mẹ́rin ara àpótí ẹ̀rí nínú Ẹ́kísódù orí 25. Ìka wo ni àpótí ní? Ìlò ni ó ń fi ìtumọ̀ múlẹ̀: ohun róbótó tí ó yí po ni òrùka, ì báà wà lára ìka, ì báà wà lára igi.

Nítorí náà, kí olùkọ́ kọ́kọ́ fi gírámà yẹ orírun ọ̀rọ̀ wò kí ó tó kọ ọ́ sójú pátákó. Ohun tí a bá kọ́ ọmọ lónìí ni yóò fi di ọ̀nà mọ́ ọ̀rọ̀ tuntun lọ́la.